Ẹ Má Fi Máàpù Orí Fóònù Parí Ìjà Tọkọtaya: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Àgbà Yorùbá ní Tamale

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìmáàmù àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí àti àwọn ìlú yòókù tí ń bẹ ní Tamale ní Gánà, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá nílùú yìí ni ì bá ti tú bí kì í bá ṣe pé ẹ jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, tí ẹ ń gbọ́ tọkọ, tí ẹ ń gbọ́ taya. Nítorí náà, n kò wá kọ́ àgbà ní ìlàjà. Fóònù ni mo mọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nǹkan kan ti wọ inú ìlàjà yín láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Bí tọkọtaya bá jà nítorí ìfura, tí ẹ ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tí ẹ ti bá ẹni tó jẹ̀bi wí, tó ku àdúrà, ẹnì kan láwùjọ á ní, "Ó dáa, kí ìyàwó yáa ṣe share location fún ọkọ rẹ̀, kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀." Wọ́n á gbé fóònù jáde. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ á bá wọn ṣe é nínú Google Maps, kí ọkọ lè máa rí ibi tí ìyàwó bá wà. A ó ṣe àmín, a ó mu omi, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jáwọ́ nínú àṣà yìí kí ó tó di òfin.

Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe; mo ń tà, mo sì ń tún un ṣe. Ohun tí ẹ kì í rí lẹ́yìn tí ìpàdé bá tú, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀rí, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í dájọ́ láìrí ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbà pé bí fóònù bá ti wí, abùṣe bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po, ó ń fi ìṣirò mọ ibi tó wà. Ìjọba Amẹ́ríkà tó ni GPS fúnra rẹ̀ sọ pé bí ojú ọ̀run bá tilẹ̀ là gbalasa, fóònù sábà máa ń ṣì í tó nǹkan bíi mítà 5. Mítà 5 nínú oko kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú ọjà Aboabo, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti so mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mítà 5 ti kúrò lọ́dọ̀ aláṣọ, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ti ìta gbangba nìyẹn o. Bí ènìyàn bá wà lábẹ́ páànù tàbí láàárín ilé alájà, àmì sátẹ́láìtì kì í wọlé dáadáa mọ́. Fóònù á wá máa fi Wi-Fi tó wà nítòsí àti òpó nẹ́tíwọ̀kì méfò. Àṣìṣe rẹ̀ lè di ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Google pàápàá kò fi èyí pamọ́. Ẹ la Google Maps lórí fóònù tiyín. Ẹ ó rí àmì búlúù tó dúró fún yín, bí ẹ bá sì wà nínú ilé, ẹ ó sábà rí òbírí kan tó yí i ká, tó rí fẹ́lẹ́ bí aró tí wọ́n fomi là. Gbogbo inú òbírí yẹn ni ibi tí ẹ lè wà. WhatsApp náà, kí ẹ tó fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ iye mítà tí òun lè fi ṣì í. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ojú àgbà kì í sì í tètè bá a.

Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ. Ọkọ rẹ̀ gbé àwòrán ojú fóònù wá sí ìpàdé: àmì ìyàwó rẹ̀ dúró sórí ilé àlejò kan ní ọ̀sán gangan, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Obìnrin náà ní ọ̀dọ̀ aránṣọ òun lòun wà, ní òdì kejì títì. Wọn ò gbà á gbọ́. Aránṣọ tó sì wà nítòsí, wọn ò ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní kó padà lọ jókòó sórí ìjókòó tó jókòó sí lọ́jọ́ náà, lábẹ́ páànù yẹn, kó la máàpù, kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ wá fún mi. Ó yà á wá. Òbírí búlúù náà gba ilé àlejò mọ́ra, ó gba aránṣọ, ó gba títì méjì, ó tún gba mọ́ṣáláṣí kan. Bó bá jẹ́ òun la fẹ́ fi dájọ́, ẹ̀sùn náà kan ìmáàmù.

Ó tún kù. Bí dátà bá tán, tàbí tí dumsor bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú, àmì ẹni náà kì í kúrò lórí máàpù. Ibi tó wà kẹ́yìn ló máa dúró sí, bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wò ó nílé á ní ìyàwó òun ti wà ní Lamashegu láti aago méjì, kò kúrò níbẹ̀, kò gbé fóònù. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní yellow-yellow, ó ń bọ̀ wálé, ó di ẹrù sẹ́sẹ̀.

Ẹni tó sì fẹ́ ṣe ìṣekúṣe ńkọ́? Kò sóhun tó rọrùn fún un bíi máàpù yìí. Á fi fóònù ńlá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á mú fóònù kékeré tí àwọn ará Gánà ń pè ní yam dání, á bá tirẹ̀ lọ. Máàpù á jẹ́rìí gbè é pé ṣọ́ọ̀bù ló wà láti àárọ̀. Olóòótọ́ tó ń gbé fóònù rẹ̀ kiri nìkan ni nǹkan yìí ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dájọ́ láti ìgbà tí a kò tíì bí wa, ẹ wò ó bóyá irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ yẹ ní jíjókòó síwájú yín.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní máàpù náà kì í ṣàṣìṣe. Ká ní ó mọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí obìnrin gbé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, torí òwò ló gbé àwọn ìyá wa dé ibí. J. S. Eades, onímọ̀ tó kọ ìwé "Strangers and Traders" nípa àwa Yorùbá ní àríwá Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, kò kọ̀wé nípa òwò wa kó fojú fo àwọn obìnrin, torí kò ṣeé ṣe. Obìnrin wa kì í fi owó òwò rẹ̀ sínú àpò ọkọ. Ó ní ibi tó ti ń ra ọjà, ó ní ẹni tó ń tà á láwìn, ó ní ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ní alájọ. Ọkọ rẹ̀ lè mọ díẹ̀, kì í mọ gbogbo rẹ̀; inú ọkọ tó gbọ́n sì dùn sí i bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí ọjà tirẹ̀ bá wó, tìyàwó á gbé ilé dúró.

Ẹ wá wo ohun tí a gbé lé ọkọ lọ́wọ́ nígbà tí a ní kí ìyàwó ṣe share location ní ọ̀sán àti ní òru. Láàárín oṣù kan péré, ó ti mọ ibi tó ti ń ra ọjà, ó ti mọ ilé alájọ, ó ti mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Sagnarigu àti ní Savelugu. Ìwé òwò ìyàwó ti di ti ọkọ, láìsí pé ó bi í ní ìbéèrè kan. Mo mọ ọkùnrin kan tó tọ ipasẹ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún ìyàwó rẹ̀ láwìn, tó ní kí wọ́n má tà fún un mọ́, pé òun àti ìyàwó òun ń jà. Ọjà obìnrin náà dákú. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó parí ìjà wọn kò rán an nírú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ọ̀nà tó gbà lọ, ẹ̀yin lẹ là á fún un.

Èyí tó wà ní gbangba nìyẹn. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ pọ̀ jù ú lọ. Bí ọkọ bá ra fóònù fún ìyàwó ní Tamale, òun náà ló sábà máa ń gbé e wá kí a bá a ṣí Gmail tó wà lórí rẹ̀. Ta ló mú pásíwọ́ọ̀dù náà? Ọkọ ni. Ìyàwó kì í mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó bá sì ní pásíwọ́ọ̀dù Gmail ẹni lè jókòó sí Kumasi kó wá ibi tí fóònù náà wà, bí ìgbà tí wọ́n bá jí i. Bí wọ́n bá ń tọ́jú àwòrán síbẹ̀, yóò rí ìyẹn náà. Ti WhatsApp tún wà ńbẹ̀. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Linked devices" sí, èèyàn lè so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ nọ́ńbà kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ bí fóònù bá wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é. Nígbà tí obìnrin bá sọ fún mi pé, "Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni ọkọ mi ń mọ̀, àfi bí ẹni tó lo oògùn," n kì í wá oògùn. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń rí kọ̀ǹpútà kan tó ń ka ìwé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Àwọn tó le jù ni àwọn tó ń ra áàpù amí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi í pamọ́ sínú fóònù ẹni kejì. Àwọn wọ̀nyẹn rò pé àwọn nìkan ló ń wò ó. Ní 2022, iléeṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì TechCrunch tú àṣírí áàpù kan tó ń jẹ́ TheTruthSpy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ìsọfúnni inú fóònù tó tó nǹkan bíi 400,000 ló wà ní ìta láìsí ààbò, ìwé tí wọ́n kọ síra wọn, àwòrán, ibi tí wọ́n rìn dé. Ní 2021, àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ti lé ilé iṣẹ́ mìíràn, SpyFone, kúrò nídìí irú òwò bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọkọ tó ń ṣe amí ìyàwó rẹ̀ ti tú àwòrán àwọn ọmọ òun náà sílẹ̀ fún àjèjì tí kò mọ̀ rí.

Kí ẹ má bàa ní mo ń gbè sẹ́yìn obìnrin, àwọn ìyàwó náà ń ṣe é. Ìyàwó tó ti rí i pé máàpù wà ti ń bèèrè kí ọkọ náà fi tirẹ̀ hàn, kò sì sí ẹ̀bi nínú ìbéèrè yẹn bí ẹ bá ti pàṣẹ fún òun. Ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì wá bọ́ sínú wàhálà. Èwo nínú wọn ló máa fi hàn? Bó bá fi hàn àwọn méjèèjì, ìyáálé á máa ka wákàtí tó lò nílé ìyàwó kejì, ìyàwó kejì á máa ka ti ìyáálé, ìjà tí ẹ parí ní yàrá kan á gbèrú ní yàrá méjì. Mo ti rí ọkùnrin tó ra fóònù kẹta nítorí èyí. Mo tà á fún un, ọjà mi ni. Àánú rẹ̀ ṣì ṣe mí.

N kò sọ pé kí a sọ nǹkan náà nù. Bí ọmọ wa bá ń lọ sí Paga tàbí Kumasi lóru, tàbí tí ẹnì kan ń gba Aflao àti Lomé kọjá lọ sílé, kó fi live location ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún ọkọ, fún ìyàwó, fún ẹ̀gbọ́n. Láti 2017 ni WhatsApp ti ní i: ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1, tàbí wákàtí 8; bí àkókò yẹn bá pé, á kú fúnra rẹ̀. Arìnrìn-àjò ló fi ránṣẹ́, ó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó parí, ó sì lè pa á nígbà tó bá wù ú. Ẹ fi èyí wé ti Google Maps tí wọ́n máa ń ṣe lójú yín, tí ọmọkùnrin yẹn á tẹ ibi tó ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi pa á. Ta ni yóò pa á? Obìnrin tí ẹbí méjì yí ká, tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀, tó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ wọ́n á ní, "Kí ló ń bò mọ́lẹ̀?" A kò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pa á, ọjọ́ náà ni ìjà tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì tún máa sáré wá bá.

Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ẹsẹ 12 nínú Súrà Al-Hujurat kọ ọ̀pọ̀ ìfura àti ṣíṣe amí ara ẹni fún onígbàgbọ́, kò sì yọ tọkọtaya sílẹ̀. Òfin Gánà náà kò dákẹ́. Òfin lórí ìwà ipá nínú ilé tí wọ́n ṣe ní 2007, Act 732, kò dúró lórí lílù nìkan. Ó ka fífi ọ̀rọ̀ owó ni ẹnì kejì lára mọ́ ìwà ipá. Ó ka ìwà tó ń da àṣírí àti ààbò ẹnì kejì rú mọ́ ọn. Ó sì ka títẹ̀lé ènìyàn kiri àti ṣíṣọ́ ibi tó ń gbé tàbí tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ ìyọlẹ́nu. Àwọn tó kọ ọ́ ní 2007 kò tíì rí máàpù orí fóònù bí a ṣe ń lò ó lónìí, àmọ́ ọkùnrin tó ń fi ojú tẹ̀lé ìyàwó láti orí àga kò yàtọ̀ lójú mi sí èyí tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Òfin yẹn kan náà fàyè gba ìlàjà: bí ẹjọ́ kò bá le, tí ẹni tó mú ẹjọ́ wá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ lè dá a padà kí wọ́n parí rẹ̀ nítùnbí-ìnùbí. Ẹ rí i pé ìjọba fọkàn tán irú iṣẹ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìwà tí òfin ń bá wí jáde láti inú ìlàjà kan náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ti kọ ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tan nǹkan náà, ẹ máa ń pe ìpàdé. Ẹ kì í pe ìpàdé láti pa á. Obìnrin á kó ẹrù rẹ̀, á gba yàrá sí Vittin tàbí Kalpohin, ẹ̀yin á ní ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó rántí pé fóònù rẹ̀ ṣì ń jíṣẹ́ fún ọkọ àtijọ́. Obìnrin kan wá ra ìbòrí fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń ṣàlàyé bí ọkọ tó ti fi sílẹ̀ ṣe ń pàdé rẹ̀ níbi gbogbo: lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ní ilé ìwé ọmọ, níwájú yàrá tuntun tí kò júwe fún ẹnikẹ́ni. Ó ní àjẹ́ ni ìyá ọkùnrin náà. Mo gba fóònù náà, mo la máàpù, mo fi orúkọ ọkọ rẹ̀ hàn án lórí rẹ̀. Ó jókòó sórí báńṣì mi, kò lè dìde.

Àwọn ọkùnrin kan tí ìyàwó fi sílẹ̀ a máa hu ìwà tí a kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sin òkú ẹni tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ pa rí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ fún nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán máàpù wá síwájú yín, ẹ bi í bí òbírí rẹ̀ ṣe tóbi tó, ẹ bi í ní aago tí àmì náà dé kẹ́yìn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ènìyàn tó bá wà níbẹ̀ kí ó jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dá àwòrán náà padà fún un. Ẹ má tún fi share location ṣe owó ìtanràn tàbí ìdí ìlàjà fún ọkọ tàbí fún ìyàwó. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń gba ọmọbìnrin nímọ̀ràn kó tó lọ sílé ọkọ, ẹ kọ́ ọ kí ó fúnra rẹ̀ ṣí Gmail rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ìdẹ́rùbà, kì í ṣe ti yàrá ìpàdé mọ́. DOVVSU, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé, wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, láti 1998 ni irú iṣẹ́ yẹn ti wà nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní WAJU; bó bá sì jẹ́ ti áàpù amí tàbí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí, nọ́ńbà àjọ Cyber Security Authority ni 292.

Ìkẹyìn rẹ̀ ni pé kí ẹ pe àwọn tí ẹ ti ní kí wọ́n tan nǹkan yìí lójú yín padà, pàápàá àwọn tí kò gbé pọ̀ mọ́, kí ẹ ní kí wọ́n pa á, kó sì jẹ́ lójú yín náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n pa, ẹ ní kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. N kò ní gba pẹ́séwà kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
atúnfóònù-ṣe kan ní Tamale.